Tíréè omi lábẹ́ ìkòkò ewéko: ṣé kí ìdí ìkòkò kan omi ni àbí kó má kàn án?

Ìkòkò ewéko tètè máa ń gbẹ nínú ilé ọ̀gbìn onígíláàsì. Erùpẹ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, oòrùn ń gba ara gíláàsì wọlé, gbòǹgbò kò sì ní ibòmíràn tí yóò nà dé láti wá omi. Tíréè, ìyẹn àwo pẹrẹsẹ elétí kúkúrú tí à ń to ìkòkò lé lórí, ni ọ̀pọ̀ ń lò láti fi gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tíréè lè ṣe. Ó lè fún gbòǹgbò lómi láti ìsàlẹ̀, ó sì lè fi ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́ tó yí ewé ká. Nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ kan omi. Nínú ìkejì, kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á máa jẹ́ kí gbòǹgbò rà láìmọ̀. Èyí tó burú jù ni pé ewé tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rà máa ń rọ bí èyí tí òùngbẹ ń gbẹ, olùtọ́jú á sì tún bu omi kún omi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti fífún gbòǹgbò lómi. Bí a bá gbé ìkòkò tó ní ihò nídìí sínú omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, omi á gba ihò náà wọlé, á sì máa gòkè láàárín erùpẹ̀ bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Omi máa ń lẹ̀ mọ́ ara erùpẹ̀, ó sì tún máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, nítorí náà bí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ń gòkè ló ń fa ìyókù tẹ̀ lé ara rẹ̀. Bí àlàfo inú erùpẹ̀ bá ṣe há tó ni omi ṣe ń ga tó. Erùpẹ̀ tó kúnná á fà á dé òkè, èyí tó rí gbàràgàdà kò ní fà á jìnnà.

Ibí yìí ni àṣà kan ti ń ṣe ìpalára fún ọ̀pọ̀ ewéko: dída òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò kí omi lè rọ́nà jáde. Àlàfo àárín òkúta ti fẹ̀ jù, omi tíréè kò lè gba ibẹ̀ gòkè. Omi tí a sì bù láti òkè kò ní fẹ́ fi erùpẹ̀ tó kúnná sílẹ̀ bọ́ sínú òkúta, orí òkúta náà ló máa dúró sí. Apá ibi tó tutù jù nínú ìkòkò á wá sún mọ́ gbòǹgbò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi erùpẹ̀ kan náà kún ìkòkò látòkè délẹ̀.

Omi ìsàlẹ̀ yìí wúlò jù lọ fún irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tí omi tí a bù láti òkè lè wó lulẹ̀, àti fún erùpẹ̀ tó ti gbẹ débi pé omi kàn ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọjá láìwọ inú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, títí òkè erùpẹ̀ á fi tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e kúrò kó ro. Gbòǹgbò náà ń mí, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sì ń rìn nínú omi ní ìlọ́po bí 10,000 lọ́ra ju bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Gbòǹgbò tó bá wà nínú omi lọ́sàn-án lóru, èémí ló máa kú sí. Ìwọ̀nba ewéko ẹrẹ̀ ló yàtọ̀, bíi Sarracenia tó ń pa kòkòrò jẹ. Òun fẹ́ kí ìdí òun wà nínú omi, àmọ́ omi òjò ni kó jẹ́.

Àwọn kan máa ń tẹ́ aṣọ tó ń mumi tàbí yanrìn tútù sínú tíréè, kí ìkòkò lè máa fà á mu díẹ̀díẹ̀. Ó dára gan-an, bí ìdí ìkòkò bá ṣáà ti lẹ̀ mọ́ aṣọ náà. Ìkòkò ike tín-ínrín kì í ní ìṣòro. Ti amọ̀ tí ìdí rẹ̀ nípọn ni a ní láti ki òwú bọ ihò rẹ̀. Ohun kan wà láti ṣọ́ o: omi tó ń gòkè ń gbé iyọ̀ ajílẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tó bá sì gbẹ lójú erùpẹ̀, iyọ̀ náà á ṣẹ́kù síbẹ̀ bí èèpá funfun. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ bu omi púpọ̀ láti òkè kó ṣàn jáde nídìí, kí ẹ sì da èyí tó jáde nù.

Ti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wá ńkọ́? Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba omi ju èyí tó tutù lọ. Afẹ́fẹ́ tó kún inú àyè kan tó jẹ́ mítà 1 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga lè gba omi tó tó gíráàmù 17 ní 20°C. Ní 30°C, ó lè gba bí gíráàmù 30. Nítorí náà, ilé ọ̀gbìn tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún omi dẹ́múdẹ́mú láàárọ̀ ní 20°C lè má ní ju ìdá 57 nínú 100 omi tó lè gbà lọ lọ́sàn-án ní 30°C, láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kankan jáde níbẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ afẹ́fẹ́ náà, ara ewé ló sì ń fà á mu. Ọ̀pọ̀ ewéko ilẹ̀ olóoru fẹ́ràn ìdá 50 sí 70 nínú 100.

Tíréè olókúta wẹ́wẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí: ẹ da òkúta kún un, ẹ bu omi sí i kó má dé orí òkúta, kí ẹ sì gbé ìkòkò lé e. Kí n sọ òótọ́, tíréè kékeré kan nínú yàrá gbàgede kò ṣe ju díẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rinrin rẹ̀ á fọ́n ká kíá. Ó di nǹkan ńlá nígbà tí tíréè bá bo gbogbo orí tábìlì, tí ìkòkò sún mọ́ra, tí ilé sì pa dé. Dókítà Nathaniel Ward ní Lọ́ńdọ̀nù fi agbára ilé tó pa dé hàn lọ́dún 1833, nígbà tó fi àpótí onígíláàsì kó ewéko ránṣẹ́ sí Sydney. Wọ́n lo oṣù púpọ̀ lórí òkun, wọ́n sì gúnlẹ̀ láàyè.

Ní ọ̀sán gangan, dída omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ọ̀gbìn ń ṣe ju tíréè kékeré lọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ tó ń tutù kò lè di omi rẹ̀ mú mọ́, á sẹ̀ sórí ewé, ibẹ̀ sì ni àrùn olú aláwọ̀ eérú, Botrytis, ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ jẹ́ kí tíréè náà gbẹ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da omi tíréè nù, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tó bu òmíràn, nítorí pé tanwíji lè di ẹ̀fọn láàárín bí ọjọ́ 7 sí 10 níbi tó bá móoru. Bí ìkòkò púpọ̀ bá sì ń mu nínú tíréè kan, àrùn gbòǹgbò ọ̀kan lè gba inú omi dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, nítorí náà ẹ fún ewéko tuntun ní tíréè tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.