Ẹnu tó ń gbẹ ṣáá: ẹ tú lailọ́ọ̀nù oògùn yín síta ná

Ẹnu gbígbẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í ṣe tẹni tó rin oòrùn ọ̀sán tàbí tẹni tó ń gbààwẹ̀ o, ìyẹn, omi ló ń wá, tó bá ti mumi tán ọ̀rọ̀ parí. Èyí tí mò ń wí lèyí téèyàn á mumi títí ikùn á kún, á máa dìde lọ tọ̀ ṣáá, síbẹ̀ ahọ́n á tún lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ètè á máa bó, búrẹ́dì lásán á wá di nǹkan tí ò ṣe é gbé mì láìsí tíì nítòsí, bó sì ṣe rí lóṣù tó kọjá náà ló ṣe rí lónìí. Xerostomia làwọn dókítà ń pè é. Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì yín, ẹ má rò pé wọ́n ti rí àìsàn tó ń ṣe yín o, ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn náà ni wọ́n kọ sílẹ̀, ohun tó fà á ṣì kù tí wọ́n máa wá.

Ká tó lè wá a, ó yẹ ká mọ ibi tí itọ́ ti ń jáde. Àpò itọ́ ńlá mẹ́fà la ní, méjì níwájú etí, méjì lábẹ́ àgbọ̀n, méjì lábẹ́ ahọ́n, ká má tíì ka àwọn kéékèèké tó pọ̀ lọ jàra nínú ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àjà ẹnu. Láàárín ọjọ́ kan, ẹni tára ẹ̀ le máa ń ṣe itọ́ bí ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀, ìyẹn bíi píọ̀ wọ́tà kan sí mẹ́ta, a kàn ń gbé e mì láìfura ni. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó lé ní 99 nínú 100, àmọ́ ìwọ̀nba tó kù yẹn gan-an niṣẹ́ wà: kálísíọ́ọ̀mù tó ń tún ara eyín ṣe wà níbẹ̀, ohun tó ń rọ ásíìdì lójú wà níbẹ̀, ohun tó ń bá kòkòrò jà wà níbẹ̀, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀bà àti iyán ká kó tó dénú náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi ò fi lè dípò itọ́, bó ti wù kẹ́ ẹ mu ún tó.

Àpò itọ́ kì í sì í dá ṣiṣẹ́. Iṣan láti ọpọlọ ló ń jíṣẹ́ fún un. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ṣàdédé gbé máíìkì fún níbi ìkómọ, ẹnu á gbẹ táútáú lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe pé omi tán lára ẹ̀, ìbẹ̀rù ló yí iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ padà. Ẹni tí àníyàn ò jẹ́ kó gbádùn lójoojúmọ́ náà lè máa rí i bẹ́ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé oògùn kan lẹ ń lò tó ń dínà mọ́ iṣẹ́ yẹn ńkọ́?

Nínú gbogbo ohun tó ń fa ẹnu gbígbẹ tí ò lọ, oògùn ló wọ́pọ̀ jù, òun náà sì la kì í kọ́kọ́ fura sí, torí oògùn téèyàn ti ń lò tipẹ́, kì í kà á mọ́ nǹkan kan mọ́. Piriton àti Phenergan tí wọ́n ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn wà lára wọn, àwọn kan ti sọ wọ́n di oògùn oorun báyìí. Amitriptyline tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta, tí ẹsẹ̀ ń jó. Oògùn ìtọ̀ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, bíi Moduretic àti Lasix, clonidine náà àti Aldomet. Oxybutynin fún ìtọ̀ tí ò ṣe é mú mọ́ra. Àwọn oògùn àárẹ̀ ọpọlọ, pẹ̀lú benzhexol tí wọ́n sábà ń kọ mọ́ ọn. Tramadol àti codeine, yálà dókítà ló kọ ọ́ ni o, yálà èèyàn dá a rà ni o. Ọ̀kan ṣoṣo lè má ṣe ju kí ẹnu gbẹ díẹ̀ lọ, ìgbà tí mẹ́ta bá pàdé lára ẹnì kan lọ̀rọ̀ máa ń bẹ́yìn yọ, ìdí sì nìyẹn tó fi pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà, tí àwọn èèyàn wá rò pé àgbà ló fà á. Oògùn tí àgbà ń lò ló fà á jù.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ni, tábìlì pálọ̀ ló tú lailọ́ọ̀nù oògùn sí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe fámasísì: Moduretic wà níbẹ̀, amitriptyline wà níbẹ̀, Piriton náà wà níbẹ̀, páálí ẹ̀ ti ya. Ó mú Piriton yẹn sókè, ó ní, "Mummy, ta ló ní kẹ́ ẹ máa lo èyí?" Màmá ní, "Èmi náà ni, òun ló ń jẹ́ n sùn." Láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí bàbá ti kú. A wá ṣírò ẹ̀, ìgbà yẹn náà ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Piriton lọ, dókítà fúnra ẹ̀ dín amitriptyline kù, Moduretic dúró torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe nǹkan eré, ẹnu ọ̀hún ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ tán o, àmọ́ màmá ti ń jẹ ẹ̀wà láìgbé kọ́ọ̀bù dání.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín já oògùn tí dókítà kọ o. Ẹni tó bá dá clonidine dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè fò sókè ju bó ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè ni: ṣé ẹ lè dín in kù, ṣé òmíràn wà tí kì í gbẹ ẹnu tó báyìí, ṣé mo lè máa lò ó láàárọ̀ dípò alẹ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn wúlò gan-an fún àwọn oògùn tó bá ṣe é yí àkókò ẹ̀ padà, torí téèyàn bá ti sùn, itọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá pátápátá, oògùn tó ń gbẹ ẹnu tó bá tún wá bá a lóru ń fi kún un ni.

Lẹ́yìn oògùn, ṣúgà ló kàn. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti wọlé sí lára, ẹnu ẹ̀ á máa gbẹ, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á máa dìde tọ̀ lóru, á sì máa rù láìṣe pé kò jẹun. Àwọn bàbá wa máa ń wò ó bóyá eèrà ń ṣù bo ìtọ̀, òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń dúró de eèrà ti pẹ́ jù, ṣúgà kì í sábà bọ́ sínú ìtọ̀ àfi tó bá kọjá bíi 180 mg/dL nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ 126 láàárọ̀ kéèyàn tó fẹnu kan nǹkan ti tó kí dókítà pè é ní àtọ̀gbẹ tí wọ́n bá tún un ṣe tó sì tún rí bẹ́ẹ̀. Lábù tó ń fi ìṣirò kejì, ìyẹn mmol/L, kọ ọ́, 7.0 ni tiwọn fún 126 yẹn. Àyẹ̀wò yẹn ò gba àsìkò, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó máa ná owó sórí nǹkan mìíràn.

Ẹ tún wo àkókò tó ń ṣe yín. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ jí nìkan ni, tó sì lọ tẹ́ ẹ bá ti jẹun àárọ̀, imú ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹni tí imú ẹ̀ dí ń fi ẹnu mí sùn ni, tó bá tún wá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, tí fáànù dojú kọ ọ́ láti alẹ́ dòwúrọ̀, ẹnu ò lè má gbẹ. Tí ìyàwó tàbí ọkọ bá ní ẹ̀ ń hanrun gan-an, tí èémí a máa dá dúró díẹ̀ kó tó tún padà, ẹ sọ fún dókítà, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu gbígbẹ. Sìgá, igbó àti ọtí, mi ò ní pẹ́ lórí wọn, ẹni tó ń lò wọ́n mọ̀.

Àwọn tó kù ò wọ́pọ̀ tó ìwọ̀nyẹn, àmọ́ wọn ò ṣe é fojú fò. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní àìsàn Sjögren, Henrik Sjögren, dókítà ojú ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló kọ ìwé ìwádìí lórí ẹ̀ lọ́dún 1933. Ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló yíjú padà tó ń gbógun ti àpò itọ́ àti àpò omijé, nǹkan bí i mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ń ṣe ló jẹ́ obìnrin, àárín ọjọ́ orí ló sì máa ń fara hàn jù. Ojú á máa ta wọ́n àfi bíi pé yanrìn wà níbẹ̀, oríkèé á máa dùn wọ́n, á máa rẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní làákúrègbé ni. Tí ojú àti ẹnu bá jọ ń gbẹ fún oṣù mẹ́ta sókè, ẹ sọ méjèèjì pọ̀ fún dókítà kan náà, torí ẹni tó bá mú ojú lọ síbi kan tó mú ẹnu lọ síbòmíì lè pẹ́ kó tó rẹ́ni tó máa so ó pọ̀. Kòkòrò HIV àti hepatitis C náà lè ṣe é, pàápàá tí iwájú etí bá wú. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tí wọ́n fi rediotẹ́rápì, ìyẹn ìtànṣán tó lágbára, tọ́jú jẹjẹrẹ orí tàbí ọrùn.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé itọ́ dín kù lóòótọ́ ò le. Dókítà eyín á fi dígí kékeré ẹ̀ kan inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, tó bá lẹ̀ mọ́ ọn tí ò yọ̀, ó ti rí nǹkan. Wọ́n tún lè ní kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́ láìjẹ nǹkan kan, kẹ́ ẹ máa tutọ́ sínú kọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú 15, tí gbogbo ẹ̀ ò bá ju 1.5 ml lọ, itọ́ ti kéré jù nìyẹn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé itọ́ wọn pé, síbẹ̀ ẹnu ń ṣe wọ́n bíi pé ó gbẹ, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa o, ibòmíì ni wọ́n máa wá ohun tó fà á sí.

Ní ti ohun tó ń mú ara tuni, omi díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ló dáa ju ife ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ. Jíjẹ nǹkan lẹ́nu ń pe itọ́ jáde, nítorí náà ṣínígọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà dáa, pákò náà sì dáa, àmọ́ ẹ yẹra fún orin ata tí ẹnu bá ti bó, á ta yín kọjá àlà. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni súìtì. Màmá tí mo sọ yẹn, súìtì kì í wọ́n nínú páàsì ẹ̀, ó ń mú ẹnu ẹ̀ tutù lóòótọ́, àmọ́ ṣúgà wà lórí eyín láàárọ̀ lálẹ́ láìsí itọ́ tó máa fọ̀ ọ́ lọ, ìdí eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ erìgì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, mẹ́ta ló já. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti àgbálùmọ̀ náà ń pe itọ́, ásíìdì wọn ló burú, ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹ fi òògùn ìfọyín tó ní fluoride fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kẹ́ ẹ kàn tu ú dànù, ẹ má yọ́ ẹnu lẹ́yìn ẹ̀. Òògùn ìyọ́nu tí ọtí wà nínú ẹ̀ ń gbẹ ẹnu sí i ni. Òrí dáa fún ètè. Ewédú àti ilá á jẹ́ kí òkèlè yọ̀ lọ. Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá, kó yọ ọ́ lálẹ́. Tí nǹkan funfun bá ń hù sórí ahọ́n tàbí tí igun ẹnu bá ń là, kí dókítà eyín rí i, oògùn ẹ̀ wà.

Oògùn tó ń mú kí àpò itọ́ ṣiṣẹ́ náà wà, pilocarpine, ara ewé igi jaborandi tó wà ní Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Àpò itọ́ tó bá ṣì ṣẹ́ kù díẹ̀ ló lè ràn lọ́wọ́, ó ń mú èèyàn làágùn, ẹni tó ní ásímà tí ò tíì rọ̀ ò gbọdọ̀ lò ó. Oníhóró ni wọ́n ń gbé mì. Pilocarpine tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nílé wa ni èyí tí wọ́n ń kán sójú fún gláúkómà, ẹ má gbé ìgò yẹn sẹ́nu o.