Kì í ṣe ijó ni wọ́n ń jó: ohun tó ń mi ìbàdí eléré ìrìn

"Kóòṣì, ṣé ijó ni wọ́n ń jó ni àbí eré ni wọ́n ń sá?" Láti ìgbà tí ìdíje àgbáyé ti eré orí pápá ti wáyé nílùú Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án 2025 ni àwọn òbí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Wọ́n rí àwọn eléré ìrìn tó ń rìn kìlómítà 35, tí ìbàdí wọn ń lọ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yí tẹlifíṣọ̀n sí bọ́ọ̀lù. N kò bá wọn jà. Ẹni tí kò mọ òfin tó wà nídìí ìrìn náà, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa á.

Òfin méjì péré ni. Àkọ́kọ́, ojú ènìyàn kò gbọdọ̀ rí i kí ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ pọ̀. Èkejì, ẹsẹ̀ tó lọ síwájú gbọ́dọ̀ nà gbọnrangandan láti ìgbà tó bá ti kan ilẹ̀ títí ara yóò fi dé òkè rẹ̀ gan-an; orúnkún kò gbọdọ̀ tẹ̀.

Òfin méjèèjì yìí ló bí ìmìdí tẹ́ ẹ̀ ń rí. Ẹni tó ń sáré máa ń tẹ orúnkún, á fò, fífò yẹn ni ìgbésẹ̀ rẹ̀ fi ń gùn. Tí wọ́n bá ti gba títẹ̀ àti fífò lọ́wọ́ èèyàn, kí ló kù tó lè fi mú ìgbésẹ̀ gùn? Ìbàdí nìkan ni. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe ń lọ síwájú, egungun ìbàdí ọ̀tún náà ń bá a lọ, díẹ̀ á sì kún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fò. Ìbàdí ẹsẹ̀ tó wà lókè tún máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí orí má bàa máa lọ sókè sódò. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí lára ìyá tó ru igbá gaàrí tó kún dẹ́nu lọ sọ́jà Òkè Àjé, tí kò sì fọwọ́ dì í mú. Orí rẹ̀ kì í mì. Ìbàdí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lábẹ́.

Eré wo ló wá wà nínú rẹ̀? Evan Dunfee, ọmọ Kánádà, ló gba góòlù kìlómítà 35 ti ọkùnrin ní Tokyo. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 28 àti ìṣẹ́jú àáyá 22 ló fi rìn ín, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 14 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Àwa tá a máa ń rìn kánkán láàárọ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 12 la fi ń rin kìlómítà kan. Púpọ̀ nínú wa ni kò lè sáré kìlómítà kan ṣoṣo bí Dunfee ṣe rin márùndínlógójì. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Toshikazu Yamanishi ti Japan rin kìlómítà 20 ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 nílùú Kobe, kò sì sí ẹni tó rìn ín yá jù bẹ́ẹ̀ rí títí di àkókò náà.

Ẹ wá wo àwọn adájọ́. Ojú ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí, ojú lásán ni wọ́n sì fi ń wo ẹsẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan. Ìdí nìyẹn tí àwọn eléré fi máa ń rìn yípo ojú ọ̀nà kan náà tí kò ju kìlómítà méjì lọ, kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan lè rí oníkálukú léraléra. Abẹ̀bẹ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń nà sókè, ìkìlọ̀ lásán ni: èyí tó ní àmì tó rí kọ́lọkọ̀lọ jẹ́ ti ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, èyí tó ní àmì tó ṣẹ́po jẹ́ ti orúnkún tó tẹ̀. Káàdì pupa ló léwu. Adájọ́ kan kò lè fún ẹnì kan ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ tí adájọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ti fún un, ó di dandan kó lọ dúró sí ibi ìjìyà: ní Tokyo, ìṣẹ́jú 2 ni nínú kìlómítà 20, ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ nínú 35. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti jáde nìyẹn. Yamanishi tí mo dárúkọ yẹn, ó ń léwájú ní Tokyo kí wọ́n tó dá a dúró sí ibi ìjìyà yẹn. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ló parí sí.

Àwọn kan máa ń sọ pé kámẹ́rà ń fi hàn pé ẹsẹ̀ méjèèjì àwọn ọ̀gá wọ̀nyí máa ń kúrò nílẹ̀ fún ìdá kín-ún nínú ìṣẹ́jú àáyá, pé ìrẹ́jẹ ni. Òótọ́ ni pé ó ń kúrò. Èmi ò gbà pé ìrẹ́jẹ ni, torí ojú ènìyàn ni òfin fi ṣe ìwọ̀n, ojú kan náà ló sì ń wo gbogbo wọn.

Ibi tí ọ̀nà jíjìn ti yàtọ̀ sí ti kúkúrú ni pé àárẹ̀ ló máa ń dá ẹjọ́ ṣáájú adájọ́. Ní kìlómítà 10, ẹsẹ̀ ọmọdé tó gbó ṣáṣá á ṣì tọ́. Tó bá fi máa di kìlómítà 25 tàbí 30, iṣan ẹ̀yìn itan ti rẹ̀, ìbàdí ò yí mọ́, ìgbésẹ̀ ti kúrú. Tó bá ní òun fẹ́ fi agbára dí àlàfo yẹn, orúnkún á tẹ̀, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í fò láìmọ̀. Ní ìdíje Olympic tó wáyé ní Sydney lọ́dún 2000, Jane Saville ti Australia ti ń wọ pápá ìṣeré níwájú gbogbo àwọn obìnrin yòókù nínú kìlómítà 20 nígbà tí adájọ́ àgbà yọ ọ́ dànù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí àwọn ọmọ mi rìn díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nínú ìgbáradì, inú wọn kì í sì í dùn sí i.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Doha lọ́dún 2019, ó kù díẹ̀ kí ó di ọ̀gànjọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kìlómítà 50, síbẹ̀ ooru lé ní 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yusuke Suzuki tó borí ní láti dúró mu omi lójú ọ̀nà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló burú jù: òógùn á máa ṣàn, kò ní gbẹ, òógùn tí kò bá sì gbẹ kì í mú ara tutù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ẹ mọ irú afẹ́fẹ́ yẹn dáadáa lásìkò òjò. Láti 2026 wọ́n ti fi kìlómítà 42.2 rọ́pò 35, nítorí náà ọ̀rọ̀ omi àti iyọ̀ ara yóò tún le sí i.

Caio Bonfim, ọmọ Brazil tó gba góòlù kìlómítà 20 ní Tokyo, wọ́n bú u títí lójú títì ìlú rẹ̀ nítorí ìbàdí yìí kan náà. Ìyá tó bí i ti rìn fún Brazil rí, òun ló sì ń kọ́ ọ. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin tí àwọn ọlọ́kadà ń pariwo lé lórí ní Ọ̀nà Èjìnrìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń rìn láàárọ̀ fún ìlera, ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ má ṣe fara wé orúnkún gbọnrangandan yẹn. Òfin ìdíje ni, kì í ṣe òfin ìlera, pàápàá fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ohun tẹ́ ẹ lè yá lọ́wọ́ wọn ni pé kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí ẹ ká ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ má sì ju ẹsẹ̀ jìnnà síwájú ara yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yára, ẹ sọ ìgbésẹ̀ di púpọ̀, ẹ má sọ ọ́ di gígùn. Ẹ rìn ní apá òsì títì kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Tí ìrìn yín bá lé ní wákàtí kan nínú oòrùn, omi nìkan lè má tó. Ẹ wá èyí tó ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, kí ẹ sì máa mu ún bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín, torí àmujù omi náà léwu.

Ojúgun ni yóò kọ́kọ́ dun ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí iṣan ibẹ̀ ló ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Ẹ dín ìrìn kù fún ọjọ́ mélòó kan, ó sábà máa ń lọ. Tí ojú kan pàtó lára eegun bá ń dunni nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí kò sì lọ lẹ́yìn ìsinmi, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó tún jáde.