Ọrùn Àwọn Obìnrin Tó Gbé Bobsled Wọ Òlíńpíìkì

Bí ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ti mọ̀ pé àwọn eléré ìje á máa wọlé tọ̀ mí wá, èmi oníṣẹ́ physiotherapy tó ń tọ́jú iṣan àti eegun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà lórí bobsled, eré ọkọ̀ tó ń yọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín. "Dókítà, mo fẹ́ lọ ṣe bobsled. Ṣebí ká ti ọkọ̀ ni, ká bẹ́ sínú rẹ̀, ká jókòó." Èyí tó wá kẹ́yìn tiẹ̀ fi ẹ̀rín sí i. Ó ní àwọn obìnrin Nàìjíríà tiwa tó lọ sí PyeongChang, ní Kòríà Gúúsù, ní 2018, ọkọ̀ 20 ló díje, àwọn ló kẹ́yìn, síbẹ̀ gbogbo ayé ń pariwo orúkọ wọn. Òun á ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò bá a jiyàn. Mo ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó gbé orí nìkan sókè, kí èjìká má kúrò nílẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àgbọ̀n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò lè gbé orí ara rẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí títì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀, àwọn obìnrin yẹn sì ní ẹsẹ̀. Seun Adigun ti sáré 100 mítà ìfò-ìdènà fún Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 2012 kó tó di awakọ̀ orí yìnyín. Akuoma Omeoga tó bá a ti ọkọ̀, àti Ngozi Onwumere tó gbé àsíá wa lọ́jọ́ ìṣíde, eléré ìje ni àwọn náà. Ní Houston, ní Amẹ́ríkà, tí kò mọ yìnyín, Adigun fi pákó kan ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń tì í. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó gbé bobsled dé Òlíńpíìkì ṣáájú wọn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n ní òtútù ò bá ara èèyàn dúdú mu. Wọ́n ní àwọn ayé ló di wọ́n lẹ́sẹ̀. Mariama Jamanka tó gba wúrà fún Jámánì nínú eré kan náà, ará Gámbíà ni bàbá rẹ̀. Ṣé àwọn ayé tiẹ̀ ò rówó wọkọ̀ òfurufú ni? Ohun tó mú wọn kẹ́yìn ò lọ́jú pọ̀: wíwa bobsled ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mọ́ èèyàn lára, àwọn tiwa kò sì pẹ́ nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọrùn ló kàn mí. Orí àgbàlagbà á tó nǹkan bíi kílò 5. Ẹ fi akoto kún un, ẹ pè é ní kílò 6. Nínú kọ́nà tó le, agbára tó ń tẹ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lè dé ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Kílò 6 yẹn ti di 30 nìyẹn, ọrùn kan náà ló sì ń gbé e, lórí eré tó ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ojú ọ̀nà PyeongChang ní kọ́nà 16. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ìdíje, láìka ti ìdánrawò. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbójú sókè kó lè ríran. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dorí kodò, kò rí nǹkan kan. Ńṣe ló yẹ kó máa ka kọ́nà lọ́kàn, kí iṣan ọrùn rẹ̀ lè ti le kí kọ́nà tó dé. Iṣan tó ti múra sílẹ̀ kì í jẹ́ kí orí fì púpọ̀. Tí kò bá múra sílẹ̀, orí á kàn máa fì ni.

Orí tó ń fì ló sì ń pa ọpọlọ lára. Ọpọlọ kò lẹ̀ mọ́ agbárí, inú omi ló wà. Ẹ mú àgbọn tó gbó, ẹ mì í lẹ́bàá etí, ẹ ó gbọ́ bí ti inú rẹ̀ ṣe ń gbá kiri. Akoto lè gba èèpo là. Kò lè ní kí ti inú má mì. Ìdí nìyẹn tí àwọn eléré yìí fi ní orúkọ fún àìsàn tiwọn, sled head: orí á máa fọ́ wọn, wọn ò ní lè wo ìmọ́lẹ̀, ìrònú á di kùrukùru, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò dojú dé rárá.

Simidele Adeagbo ló wá ṣe èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ní PyeongChang kan náà. Skeleton ló ṣe: ó dojú bolẹ̀, orí ló ṣíwájú, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yìnyín. Kò tíì pé ọdún kan tó bẹ̀rẹ̀. Òun náà gba ipò 20 nínú 20. Ẹni tó bá fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, kó wá dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, kó gbé orí dání fún ìṣẹ́jú kan.

Kí ọrùn yín lè lágbára, mo ní kí ẹ fi ọwọ́ ti iwájú orí yín, kí orí má gbà fún ọwọ́, kí ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ kì í ṣe é. Bí ọrùn bá wá ń ro yín, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ lẹ ń gbà lọ. Á di àgbọ̀n yín mú, á yí orí yín lójijì, ẹ gbọ́ "kó!", ẹ ní ara ti wálẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì gba inú ihò eegun ọrùn gòkè lọ sí ọpọlọ. Bí ọ̀kan bá ya, rọpárọsẹ̀ lè dé, kò bèèrè ọjọ́ orí. Adigun alára gboyè dókítà nínú chiropractic, ìyẹn ìmọ̀ títo eegun ẹ̀yìn. Onígbàjámọ̀ yín, níbo ló ti ka tiẹ̀? Ẹ sì má pè mí ní ẹni tó ń fi róòbù ra èèyàn lára mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì.

Ẹni tó mú mi kọ èyí ò tiẹ̀ mọ bobsled. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Òun àti ẹnì kan forí gbárí níbi ìdánrawò, ó ṣubú, ojú rẹ̀ ń ṣú. Kóòṣì da omi inú ọ̀rá sí i lórí, ó ní kó ṣọkùnrin, ó tì í padà sórí pápá. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, orí yẹn tún gba òmíràn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa mú un dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti gbé e lọ ṣe ìtúsílẹ̀, wọ́n ní ogun ìdílé ni. Ọmọ náà ò lè parí gbólóhùn kan. Ó ní ká pa iná yàrá. Mo kọ lẹ́tà, mo fi í ṣọwọ́ sí dókítà ọpọlọ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá forí gbá nǹkan, tójú ń ṣú u tàbí tórí ń fọ́ ọ, kò gbọ́dọ̀ padà sí pápá lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ àṣekágbá. Bó bá ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tàbí tí ọmọlójú kan fẹ̀ ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló máa padà sí eré, lẹ́yìn tí gbogbo àmì yẹn bá ti lọ pátápátá.

Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbàgbé nǹkan. Kóòṣì rẹ̀ ń pè mí ṣáá pé kí n bu ọwọ́ lùwé kí ó lè gbá ìdíje tó ń bọ̀. N kò ní bu ọwọ́ lù ú.