Ibi tí Ilé Àgùdà Àjàṣẹ́ ti Ṣẹ̀ Wá

Ẹni tó bá ń rìn ní àdúgbò àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Porto-Novo, kò ní pẹ́ kó tó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fi ọnà òdòdó yí fèrèsé rẹ̀ ká, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, tí amọ̀ pupa sì ń yọjú níbi tó ti bó. Ibi tó bó yẹn ni kó wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti òkè òkun ni ohun tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Bràsílì padà wá sílé, fi kọ́lé ti wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé bọ̀ o. Ilẹ̀ ibí ni ògiri ti jáde.

Kí wọ́n tó dé, ilé mímọ là ń mọ. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, wọ́n á wá máa sọ ọ́ ní ìṣù-ìṣù sí ẹni tó dúró lórí ògiri. Ìpele kan kì í ga ju nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà lọ. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó le kí wọ́n tó gun òmíràn lé e, torí amọ̀ tútù kò lè ru amọ̀ tútù: ìsàlẹ̀ á yọ ikùn, ògiri á wọ́. Yàrá á yí àgbàlá ká. Irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ odi Kétu. Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú náà ní 1886, síbẹ̀ ẹnubodè Àkàbà Ìdènà wà níbẹ̀ dòní.

Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú, púpọ̀ nínú wọn ọmọ Yorùbá, dìde sí àwọn olówó wọn ní Bàhíà ní 1835, Bràsílì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tó ti gba òmìnira kúrò nílùú. Àwọn mìíràn sanwó ọkọ̀ ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń sọ̀ sí Èkó, Àgúé, Ouidah àti Àjàṣẹ́. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà. Àwọn ni wọ́n yí ojú ilé padà: àgbàlá kúrò láàárín, gbọ̀ngàn gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, fèrèsé ọ̀tún sì bá tòsì dọ́gba bí ojú ènìyàn. Nígbà tí àwọn ọmọ Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí sì kọ́ Mọ́sálásí Ńlá, ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ni wọ́n fún un. Àlejò tí kò bá mọ̀ lè béèrè àsìkò Máàsì níbẹ̀.

Ògiri náà wá ńkọ́? Dípò ìṣù, inú àpótí pákó ni wọ́n ń tẹ amọ̀ sí kó di bíríkì, oòrùn ló ń gbẹ ẹ́. Ògiri lè nípọn tó 40 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, ìdí nìyẹn tí ooru ọ̀sán kì í fi í tètè wọlé. Igi àgbọn olódù, tí ikán kì í jẹ, ló ń gbé àjà. Wọ́n á wá fi ẹfun sísun, tí àwọn Faransé ń pè ní chaux, pò mọ́ yanrìn rẹ́ ẹ.

Ẹ̀wù ògiri yìí ni ìparun ti ń bẹ̀rẹ̀ lónìí. Omi máa ń gun ògiri alámọ̀ láti inú ilẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá jẹ́ ẹfun, omi náà á gbẹ jáde, kò sí wàhálà. Onílé á rí i pé ìsàlẹ̀ ògiri ń ṣí, á pe bíríkìlà, bíríkìlà á fi sìmẹ́ńtì bò ó. Lọ́dún kìíní, ó ń dán. Ṣùgbọ́n omi kò rọ́nà jáde mọ́. Ó jókòó sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, amọ̀ ń padà di ẹrẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ẹ fi ìka kàn án: bó bá dún bí igbá òfìfo, ó ti ya kúrò lára ògiri nìyẹn. Lọ́jọ́ òjò ńlá kan, á já bọ́ ní pẹlẹbẹ, á sì bá amọ̀ lọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fọ́ sìmẹ́ńtì náà kúrò, ó kéré tán mítà kan láti ilẹ̀, kí ògiri gbẹ fún oṣù mélòó kan, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ẹ wá fi ẹfun ìwọ̀n kan sí yanrìn ìwọ̀n mẹ́ta rẹ́ ẹ. Ẹ wo etí òrùlé náà. Èyí tó bá kúrú ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ ń da omi sẹ́sẹ̀ ògiri, kò sí ẹfun tó lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ayé òde wá ń wá amọ̀ kiri báyìí. Sìmẹ́ńtì nìkan ló ń tú nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run. Francis Kéré, ayàwòrán ilé, ọmọ abúlé Gando ní Bùkínà Fásò, fi bíríkì amọ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ abúlé rẹ̀, ó parí ní 2001. Ní 2022 ó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán ilé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Òun náà ló ya àwòrán Ilé Aṣòfin tuntun fún Àjàṣẹ́, ní àpẹẹrẹ igi tí àwọn àgbà ń pàdé lábẹ́ rẹ̀. Inú igi náà ṣófo kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀. Àgbàlá tí àwọn Àgùdà mú kúrò láàárín ilé ti padà dé nìyẹn, orúkọ ló kàn yí.

Bíríkì títẹ̀ ti òde òní wá láti Bogotá ní Kòlóḿbíà, níbi tí ẹnjiníà Raúl Ramírez ti ṣe ẹ̀rọ afọwọ́tẹ̀ CINVA-Ram ní àwọn ọdún 1950. Ilẹ̀ dúdú tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀ kò ṣe é lò. Ẹ gbẹ́ kọjá rẹ̀ títí ẹ ó fi kan pupa. Bó bá lẹ̀ jù, ẹ fi yanrìn là á. Ẹ po sìmẹ́ńtì ìdá 6 nínú 100 mọ́ ọn ní gbígbẹ kí ẹ tó wọ́n omi. Ẹ di ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti èjìká: bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, omi tó, bó bá fọ́ yángá, kò tó, bó bá dúró lódindi, ó ti pọ̀ jù. Bíríkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 29.5, tó fẹ̀ ní 14, tó ga ní 9, á tó kílò 7. Àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50 á mú nǹkan bí 115 jáde, 33 ló sì ń lọ sí ògiri tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dín sìmẹ́ńtì kù ju bílọ́ọ̀kù lọ. Èrè rẹ̀ ni pé ògiri yìí kò béèrè rírẹ́. Ìkánjú ló ń bà á jẹ́. Èyí tí oòrùn bá sá lọ́jọ́ kìíní á fọ́ létí. Abẹ́ ọ̀rá ni kó wà lọ́rinrin fún ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà abẹ́ ìbòòji títí ọjọ́ 28 á fi pé. Láti Ọ̀pẹ sí Ẹrẹ́nà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, torí bí òjò oṣù Igbe bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ kó jọ kò ní gbẹ tó láti fi asẹ́ jọ̀ mọ́.