Kì í ṣe ọjọ́ tí àtọ̀ pàdé ẹyin ni DNA ń pààrọ̀ ègé

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú bí mo bá ti gbọ́ ọ: pé bí àtọ̀ bá pàdé ẹyin, DNA bàbá àti ti ìyá á pààrọ̀ ègé, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Krómósómù (àwọn okùn tí DNA ká jọ sí) 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá àti 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá kàn jọ ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì kan náà ni. Kálukú ló dá dúró gedegbe.

Pàṣípààrọ̀ ti wáyé kí wọ́n tó pàdé rárá. Nínú kórópọ̀n bàbá, krómósómù tó gbà lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ àti èyí tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló ń fún ara wọn ní ègé. Ti obìnrin yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: a kò tíì bí òun fúnra rẹ̀ nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin tí yóò di ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Harriet Creighton àti Barbara McClintock, ti fi àgbàdo hàn ní 1931 pé krómósómù ń pààrọ̀ ègé lóòótọ́. N kò ní tún ìyẹn rò. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlàyé ń fò ni bí ègé kan ṣe ń mọ èyí tó jọ ọ́. Wọ́n á ní krómósómù méjì lọ́ mọ́ra, wọ́n já, wọ́n sì so pọ̀. Ó tì o! Sẹ́ẹ̀lì ló ń mọ̀ọ́mọ̀ gé DNA ara rẹ̀. Púrótéènì tó ń jẹ́ SPO11 ló ń gé e. Lára ènìyàn, púrótéènì mìíràn, PRDM9, ló máa ń tọ́ka sí ibi tí wọn yóò gé. Àwọn púrótéènì mìíràn á jẹ etí ibẹ̀ títí okùn kan ṣoṣo á fi yọ síta. Púrótéènì RAD51 àti DMC1 á bo okùn yìí, okùn náà yóò sì máa wá kiri títí yóò fi kan ibi tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ krómósómù kejì ti bá tirẹ̀ mu. Ibẹ̀ ni yóò wọ̀, tí yóò ti wo ti ẹnìkejì tún ara rẹ̀ ṣe. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú gígé bẹ́ẹ̀ ló ń wáyé nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń di pàṣípààrọ̀ ńlá.

N kò wá sọ pé DNA bàbá àti ti ìyá kì í pààrọ̀ nǹkan kan lára wa láé. Sẹ́ẹ̀lì ara náà ń fi irú ọ̀nà yìí tún DNA tó já ṣe. Ẹ̀dà ara rẹ̀ ló sábà máa ń wò, àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó lè wo ti òbí kejì. Ìyẹn kọ́ ló ṣẹ̀dá ọmọ.

Ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú àyẹ̀wò DNA tí wọ́n fi ń wá ìran ẹni. Ibi tí pàṣípààrọ̀ ti ń wáyé yàtọ̀ láti ẹyin kan sí òmíràn, torí náà ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ní a gbà lọ́wọ́ òbí àgbà kọ̀ọ̀kan, ìpíndọ́gba lásán ni. Bí èsì ẹ̀gbọ́n bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ fura sí ìyá wọn.