"Ìfàsọ́dọ̀" ni, kì í ṣe "ìjẹ́-òdì-iná"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì sí Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ kọ "ìjẹ́-òdì-iná"? Inú ìwé pélébé kan tí wọ́n pín fún àwọn olùkọ́ ni mo ti rí i. Wọ́n ní òun ni electronegativity, ìyẹn bí átọ̀mù kan ṣe lè fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún tíntín inú átọ̀mù) tí òun àti átọ̀mù mìíràn jọ ní sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tó. Mo gbé e fún àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ SS1. Ó kà á, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló yan ta lódì?" Ìbéèrè gidi ni. Létí Yorùbá, òdì ni kí èèyàn méjì má bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Háídrójìn àti ọ́ksíjìn inú omi kò yan ara wọn lódì o. Ohun kan náà ni wọ́n jọ dì mú.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an kò kúkú dáa tó. Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, ti ń lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà láyé. 1897 ni Thomson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tó rí ìyẹn. Ẹni tó bá wá ń tú u lẹ́yọ-lẹ́yọ, ẹ̀wù àgbàwọ̀ tí kò tiẹ̀ bá ẹni tó ni ín mu ló ń gbé wọ̀ wá.

Ìfàsọ́dọ̀ lèmi ń pè é. Ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tán. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé tú palẹ̀ sínú gbólóhùn ni: ìfàsọ́dọ̀ fúlórìn ga, ti sódíọ̀mù kéré, ọ́ksíjìn fà á sọ́dọ̀. Àwọn kan ní òòfà ló yẹ. Òòfà ti níṣẹ́ tiẹ̀: òun ló ń fa ìṣó. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Àwọn tó ń kọ "ẹlẹkítíró-nẹ́gátífítì" sì rèé, ẹni tó bá lè pè é lẹ́ẹ̀mẹta láìtàsé kò nílò ìtumọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún, ní ọ̀kánjúwà lòun ń lò ní kíláàsì. Ó dùn, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọn kì í sì í gbàgbé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni ọ̀kánjúwà máa ń fẹ́ gbà, bó bá sì gbà á tán, kò sí ohun àjọní mọ́. Bẹ́ẹ̀, orí ohun àjọní ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá tún fẹ́ sọ pé ti sódíọ̀mù kéré ńkọ́? "Sódíọ̀mù kò lọ́kánjúwà"? Bí ẹni ń yìn ín ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ ń sùn lórí ẹní kan, aṣọ ìbora kan ṣoṣo ló wà fún àwa méjèèjì. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹ̀gbọ́n mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kì í gbà á tán. Etí rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì jẹ́ fi í sílẹ̀. Àmọ́ tó bá fi máa di ìdájí, aṣọ ti ká jọ sọ́dọ̀ tiẹ̀, ẹ̀yìn tèmi ti wà níta gbangba. Aṣọ yẹn ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí átọ̀mù méjì jọ ní. Bí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣe lè fà á tó ni ìfàsọ́dọ̀ rẹ̀.

Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, ló fi òǹkà sí i ní 1932. Lórí òǹkà tí à ń lò báyìí, fúlórìn ló ga jù, 3.98, ọ́ksíjìn 3.44, kílórìn 3.16, kábọ́nù 2.55, háídrójìn 2.20, sódíọ̀mù 0.93. Ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ ni kẹ́ ẹ máa wò. Kábọ́nù àti háídrójìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, aṣọ wà láàárín. Ọ́ksíjìn fi 1.24 ju háídrójìn lọ, aṣọ ti wọ́. Ti kílórìn àti sódíọ̀mù, aṣọ ti lọ, ibẹ̀ sì ni àfiwé mi kú sí, torí pé sódíọ̀mù tó pàdánù aṣọ kò kúrò lórí ẹní: ó di aláfikún (positive), kílórìn di aláyọkúrò (negative), wọ́n lẹ̀ mọ́ra débi pé 801°C ni iyọ̀ tó ń yọ́. Ààlà 1.7 tí àwọn ìwé ń fà láàárín aṣọ tó wọ́ àti aṣọ tó lọ, ẹ má jẹ́ ká torí ẹ̀ jà.

Ohun tí mo fẹ́ torí ẹ̀ jà ni "ìdè háídrójìn", tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hydrogen bond. Ìdè kọ́ o! Torí orúkọ yẹn ni àwọn ọmọ ṣe ń kọ ọ́ sínú ìdánwò pé bí omi bá hó, ó ń pín sí háídrójìn àti ọ́ksíjìn. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó ń ro àmàlà ni ilé ìdáná ì bá ti bú gbàmù mọ́ lórí. Ìfaratì ni mo ń pè é. Ẹ̀yìn mi tó wà níta nínú ọyẹ́, mo máa ń sún un lọ fara ti àwọn tó sùn lórí ẹní kejì, níbi tí aṣọ tiwọn pọ̀ sí. Háídrójìn tí wọ́n fa aṣọ mọ́ lọ́wọ́ náà ń fara ti ọ́ksíjìn inú mólékù (àwọn átọ̀mù tó so mọ́ra) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Láti já ìdè gidi tó so háídrójìn mọ́ ọ́ksíjìn nínú mólékù omi, ó tó 460 kílójúùlù (òṣùwọ̀n agbára) lórí móòlù kan. Ìfaratì kò ju nǹkan bí 20 lọ. 

Ẹ gbé ọ́ksíjìn kúrò, kẹ́ ẹ fi imí-ọjọ́ dípò rẹ̀. Ìfàsọ́dọ̀ imí-ọjọ́ jẹ́ 2.58, aṣọ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́, ìfaratì kò sì lágbára. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí ẹyin òbu: mólékù rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ti omi lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ní −60°C ló ti ń hó, nígbà tí omi dúró de 100.

Ẹ fọwọ́ kan ìdí àmù lọ́sàn-án gangan. Ó tutù, ó rin díẹ̀. Omi ń yọ́ gba ara ìkòkò jáde, ó ń gbẹ. Mólékù tó bá fẹ́ fò lọ gbọ́dọ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò lára àwọn tó fara tì, ooru tó sì fi yọ ara rẹ̀, lára omi inú àmù ló ti mú un. Ìdè kankan kò já níbẹ̀. Omi ló yọ́ jáde, omi náà ló fò lọ.