Ẹnu Epìyà àti Obìnrin Tó Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ìyá ẹlẹ́ja kan ní Mákòókó ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó ń ha ìpẹ́ epìyà ọ̀sà tí mo rà, ó ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹyin yẹ́lò wẹ́wẹ́ bá dà sórí pákó.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó," ó ní. "Ọ̀dájú lẹja yìí. Ọmọ inú ẹ̀ ló ń jẹ."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń fẹja ṣòwò kí wọ́n tó bí mi, kí ni mo fẹ́ bá a jiyàn lé lórí?

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja nínú àpótí gíláàsì nílé mi ní Yábàá ni mo tó gbọ́ orúkọ Ethelwynn Trewavas, obìnrin onímọ̀ ẹja ará Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń sin cichlid, ìyẹn ìdílé ẹja tí epìyà ti wá, máa ń dárúkọ ẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ ìyá ẹgbẹ́. Láti ọdún 1993 ló ti dolóògbé, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe fẹ́ pe ẹja wa tí a ò ní bá ọwọ́ ẹ̀ níbẹ̀.

Kó tó dé, rúdurùdu lọ̀rọ̀ epìyà. Ní 1840, Andrew Smith, dókítà ará Scotland tó ṣiṣẹ́ ní gúúsù Áfíríkà, sọ irú ẹja kan ní Tilapia. Inú èdè àwọn ará ibẹ̀ ló ti fa orúkọ náà yọ. "Ẹja" lásán ló sì túmọ̀ sí. Ní 1852, Rüppell ará Jámánì pe epìyà ọ̀sà tiwa ní Sarotherodon melanotheron, èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú. Àwọn tó tẹ̀lé e kò ka Sarotherodon sí. Gbogbo ohun tó bá ti jọ epìyà, inú apẹ̀rẹ̀ Tilapia ni wọ́n ń jù ú sí.

Penzance, ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Trewavas sí ní 1900. Ní 1928 ó wọ British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní London, gẹ́gẹ́ bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Tate Regan, onímọ̀ ẹja níbẹ̀, ó sì jókòó ti àwọn ẹja inú ìgò. Ní 1935 ó to àwọn cichlid adágún Nyasa, tí a ń pè ní Malawi lónìí, lẹ́sẹẹsẹ. Òun ló fún wọn ní orúkọ bíi Labidochromis. Ẹja yẹ́lò kékeré tó ń dán gbinrin nínú ìsọ̀ ẹlẹ́ja ọ̀ṣọ́ l'Ékòó, ọmọ ìdílé yẹn ni. (Mo ti pa mẹ́rin nínú wọn rí. Omi adágún wọn kò kan rárá, omi kànga ẹ̀rọ tèmi sì kan. Ìkarahun ìṣáwùrú tí mo fọ̀, tí mo kó sísàlẹ̀ àpótí kó lè dín kíkan omi kù, ló yọ àwọn tó kù.) Ní 1939 ó lọ sí adágún náà fúnra rẹ̀. Ní 1956, Fryer, onímọ̀ ẹja mìíràn, sọ ẹja kan níbẹ̀ ní Labeotropheus trewavasae nítorí rẹ̀.

Ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1973 ó jí orúkọ Sarotherodon dìde. Ní 1983, lẹ́yìn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó gbé ìwé ńlá jáde, ó lé ní 500 ojú ewé, lórí Sarotherodon, Oreochromis àti Danakilia, irú mẹ́ta nínú àwọn ẹja tó bá epìyà tan. Eyín àti egungun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí ni pé ó béèrè bí ẹja ṣe ń tọ́mọ. Èyí tó ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó sì ń ṣọ́ ọ, Tilapia nìyẹn. Èyí tí ìyá nìkan ń kó ẹyin sẹ́nu, tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ títí á fi pa, Oreochromis. Èyí tí bàbá ń gbé e, tàbí tí tọkọtaya jọ ń gbé e, Sarotherodon. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ẹja méjì, Dunz àti Schliewen, tún fi DNA pín Tilapia fúnra rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, àmọ́ Sarotherodon dúró síbẹ̀.

Tiwa nínú ọ̀sà Èkó, bàbá ló ń gbé e. Ìyá á yé e tán, á bá tirẹ̀ lọ. Bàbá á ṣà á sẹ́nu fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, oúnjẹ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Mo ra takọtabo mélòó kan láàyè lọ́wọ́ apẹja tó ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ọ̀sà kí ẹja lè sá sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí akọ kan kọ́kọ́ gbé ẹyin, tí àgbọ̀n ẹ̀ wú bíi ti ẹni tó fi ẹ̀kọ sẹ́nu, mo pe ọ̀rẹ́ mi wá wò ó, a tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, a gbá gíláàsì. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, àgbọ̀n ti rọ̀, ẹyin kan kò sì sí nísàlẹ̀. Ó ti gbé e mì. Ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja sọ sí mi lọ́kàn: bí ẹ̀rù bá ba ẹja yìí, ó ń jẹ ọmọ ẹ̀ lóòótọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi ìwé ìròyìn bo gíláàsì, mo sì kìlọ̀ fún ará ilé. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, mo ká igun kan sókè. Àwọn ọmọ ti ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́bàá òkúta, wọn ò ju ìrẹsì lọ. Bàbá ti wà ní ìkángun kejì, ó ń já èéhọ̀ jẹ, kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ wọn.